Àgbọn Tí Mo Tu Sétí Ìborùn Mi

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ máa ń wá bá mi nílé, tí ẹ ń bi mí pé kí ni mo ṣe tí mo fi di mánẹ́jà ilé iṣẹ́ òróró, mo mọ̀ pé ìdáhùn mi kì í tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ máa ń retí kí n ní mo ka ìwé báyìí, mo mọ èèyàn ńlá báyìí. Àgbọn ni mo jẹ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń jẹ ẹ́, tí mo sì ń tu ú dànù, torí ẹni tó bá gbé e mì lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, ọ̀gá á lé e lọ sílé ni. Ẹ fìdí lé ilẹ̀. Bó ṣe rí gan-an ni màá rò, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń pọ́n mi níbi ìpàdé.

Ọmọ Bàdágìrì ni mí, inú ìlú gan-an. Mùsùlùmí ni wá, aláṣọ ni ìyá mi, ó sì ti ya igun kan sọ́tọ̀ fún mi nínú ìsọ̀ rẹ̀ kí n tó jáde ìwé mẹ́wàá. Ayé rọrùn nígbà náà. Epo rọ̀bì ń mówó wọ̀lú, títì tó ti Èkó lọ sí Sẹ̀mẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán, ilé iṣẹ́ sì ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí olú. Ọ̀kan nínú wọn ni ilé iṣẹ́ òróró àgbọn tó wà ní ìyànà Ìworo. Wọ́n ń wá taípíìsì, mo sì mọ̀wé tẹ̀, wọ́n gbà mí. Owó oṣù ńkọ́? Ó tó ra bàtà, ó tó fún ìyá mi kó má bàa bínú mọ́. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀.

Ọdún méjì ni mo fi tẹ̀wé, lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí mo tẹ̀. Àwọn tó ń fi òróró wa ṣe ọṣẹ àti bísíkíìtì á dá àgbá padà pé ó ti kan, ó ń rùn. Mánẹ́jà wa, ará Íńdíà kan báyìí tí kì í pariwo, á ní kí n tẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n má bínú. Ọ̀rọ̀ náà sú mi. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé, "Sà, kí ló ń mú òróró yìí kan gan-an?" Ó ní àgbọn tí kò gbẹ ni, pé bí mo bá fẹ́ mọ̀ sí i, kí n lọ bá Bàbá Sẹ̀wánù.

Bàbá Sẹ̀wánù ni fọ́máànù àgbàlá. Ará Apá ni, Ègùn pọ́nńbélé, ó ga, ó gbẹ, kì í rẹ́rìn-ín lásán. Àwọn àgbẹ̀ láti Apá, láti Ìworo àti etí òkun á la àgbọn, wọ́n á sá inú rẹ̀ sóòrùn, wọ́n á dì í sínú àpò ìdọ̀họ, wọ́n á kó o wá fún wa. Iṣẹ́ Bàbá ni láti mọ̀ bóyá ó gbẹ. Bó bá gbẹ, òróró rẹ̀ á mọ́ gaara. Bí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀, òróró á kan, ìyẹn gan-an kọ́ ló sì burú jù. Àgbọn tútù tí a bá tò pọ̀ sí sítọ́ọ̀ a máa gbóná láti inú wá fúnra rẹ̀, á máa gbóná, á máa gbóná, títí á fi gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i.

Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ yín."

Ó wò mí fínnífínní, láti orí dé bàtà gogoro tí mo wọ̀. "Éò," ó ní. Bí Ègùn ṣe ń sọ pé rárá nìyẹn. "Obìnrin ò lè ṣe é. Ẹ fẹ́ràn àtijẹ jù. Ẹ ó gbé e mì."

"Ẹ dán mi wò, sà. Ọjọ́ tí mo bá gbé e mì, kí ẹ lé mi."

"Bàtà yẹn ni màá kọ́kọ́ lé," ni Bàbá wí. Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn, mo ń tẹ̀wé láàárọ̀, mo ń jẹ àgbọn lọ́sàn-án.

Ẹ̀yin ń sọ pé ọ̀gá yín le. Ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Bàbá ní n kò gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ ìfọyín fọ ẹnu kí n tó wá síbi iṣẹ́, orín nìkan. Kò sí orógbó, kò sí ata, kò sí tọ́mútọ́mù. Á ní, "La ẹnu!" á gbóòórùn ẹnu mi níwájú gbogbo ọkùnrin àgbàlá bí ẹni ń ra ẹja. Lọ́jọ́ tí mo jẹ àkàrà aláta, ẹnu géètì ló ti dá mi padà. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi gbé mi jókòó ti òkìtì mẹ́ta: èyí tó gbẹ, èyí tó kù díẹ̀ kó gbẹ, èyí tí kò gbẹ rárá. Èyí tó gbẹ á dún pá láàrin eyín, á sì fọ́ sí méjì. Èyí tí kò gbẹ á tẹ̀ bí awọ, á sì dùn lẹ́nu. Bàbá á ní, "Náwè, èyí tó bá dùn lẹ́nu rẹ, òun lọ̀tá rẹ." Obìnrin ni náwè lédè Ègùn. Ọdún mẹ́rin ló fi pè mí bẹ́ẹ̀ kó tó kọ́kọ́ dárúkọ mi.

Nígbà tí Ràmádáánì dé, mo ní ó ti parí. Ta ló ń gbààwẹ̀ tó ń jẹ àgbọn? Àfáà wa ní bí mo bá ti ń tọ́ ọ wò tí mo sì ń tu ú, ààwẹ̀ mi ò bàjẹ́, àmọ́ ọkàn mi ò gbà. Mo lọ bá Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí. Kódà kò wojú mi. Ó mú àgbọn kan, ó fi ọwọ́ ṣẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. "Fetí sí i," ó ní. Gbogbo oṣù ààwẹ̀ yẹn, etí àti ọwọ́ ni mo fi ṣiṣẹ́, òun náà sì gbé oúnjẹ rẹ̀ kúrò níbi tí mo wà. Onígbàgbọ́ ni o. Èèyàn líle ni, ṣùgbọ́n n kò rí ìkà nínú rẹ̀ rí.

Òfin kan wà ní àgbàlá yẹn tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀: ohun tí ọ̀gá rẹ bá ti fi eyín kàn, o kò gbọ́dọ̀ tún fi eyín kàn án lẹ́yìn rẹ̀. Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, o ti pe ọ̀gá rẹ lónírọ́ lójú gbogbo ayé nìyẹn. Kò sí ẹni tó jiyàn sí i. Èmi náà rò pé ìwà ọmọlúàbí ni.

Ọdún ń gorí ọdún. Mo lọ́kọ, mo bímọ mẹ́ta, mo sì fi ìwé títẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Nígbà tó yá, ará Íńdíà fi mí ṣe sùpáfáísọ̀ àgbàlá. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ yẹn dáadáa: mo di ọ̀gá lórí Bàbá Sẹ̀wánù. Bí Bàbá bá ti wo ẹrù tán, èmi ni màá fọwọ́ sí ìwé kí ẹrù tó wọ sítọ́ọ̀.

Háà! Àwọn ọkùnrin sọ̀rọ̀! Wọ́n ní kí ni mo fún òyìnbó Íńdíà náà jẹ. Láràárọ̀, màá kúnlẹ̀ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan torí wọ́n jù mí lọ, màá wá dìde, màá ní kí wọ́n kó àpò síbí, kí wọ́n gbá ibẹ̀ yẹn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ jókòó sí ìpàdé àwọn aláṣẹ, Alága wò yí ká, ó ní, "Mùlíká, jọ̀ọ́, bá wa pín Fáńtà." Mo pín in. Mo pín tèmi náà, mo jókòó, mo mu ún. Mo mọ ohun tí mò ń wá. Ará Íńdíà ti fẹ́ máa lọ sílé rẹ̀, ó sì ti sọ fún mi pé lẹ́tà tó fi ń dámọ̀ràn mi láti di mánẹ́jà ti wà nínú dúróà òun. Obìnrin kò tíì jókòó lórí àga yẹn rí. Mo fẹ́ ẹ. N kò ní purọ́ fún yín, mo fẹ́ àga yẹn bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń fẹ́ omi.

Ibẹ̀ la wà nígbà tí lọ́rì kan kó ẹrù dé láti Apá, nígbà ọyẹ́. Bàbá wò ó. Ó bu ọ̀kan jẹ, ó bu ìkejì, ó ní, "Ó gbẹ." Ó kọjú sí ẹrù mìíràn.

N kò mọ ohun tó mú mi. Bóyá bí àgbọn náà ṣe ń dán lójú mi ni. Mo yí ẹ̀yìn padà, mo mú ọ̀kan, mo fi eyín kàn án. Ó tẹ̀. Kò dún rárá. Ó dùn lẹ́nu mi bí ṣúgà.

Mo tu ú sétí ìborùn mi kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Bàbá dúró níbẹ̀, ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàrin wa. Gbogbo àgbàlá ń retí kí n fọwọ́ sí ìwé. Mo ní, ta ni mí? Ọkùnrin tó kọ́ mi níṣẹ́, tó ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí mi, kí n wá ní kò gbẹ? Mo fọwọ́ sí ìwé. Wọ́n kó o wọlé, wọ́n kó òmíràn lé e lórí.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ọ̀sán Sátidé ni, a fẹ́ ṣíwọ́. Òórùn dídùn kan ṣàdédé gba gbogbo àgbàlá, ẹnì kan sì ń ṣàwàdà pé, "Ta ló ń dín gúrúńdì àgbọn, ẹ fún wa jẹ!" A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò tíì tán lẹ́nu wa tí èéfín fi yọ lójú fèrèsé sítọ́ọ̀. Nígbà tí a ṣílẹ̀kùn, ńṣe ni iná fò mọ́ wa. Ọyẹ́ mú, kò sí ohun tí kò gbẹ mọ́. Omi ọ̀sà tí a fi ọwọ́ pọn, kí ló fẹ́ ṣe sí òróró tó ń jó? Sítọ́ọ̀ lọ, ẹ̀rọ ìfúnróró kan lọ, ọkùnrin méjì tó wọlé lọ yí àgbá jáde sì bó lápá. A dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó kú. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú iyanrìn, mo mọ̀ pé ọwọ́ mi ló ti wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Sẹ̀wánù wá sílé mi. Kò wá sílé mi rí. Ó jókòó, kò mu omi. Ó ki ìka méjì sẹ́nu, ó fa eyín òkè rẹ̀ yọ lódindi, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Eyín àtọwọ́ṣe! Ó ní dókítà eyín ní Èkó ló ṣe é fún òun, láti Kérésìmesì èṣí.

"Eyín yìí kì í gbọ́ nǹkan kan," ó ní. "Bí mo bá fi bu òkúta jẹ, bákan náà ni. Mo ń wo ojú àgbọn nìkan. Ó ku oṣù mẹ́jọ kí n fẹ̀yìntì."

Kò bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́. Ó dá eyín rẹ̀ padà sẹ́nu, ó dìde, ó lọ.

Inú bí mi! Mo sunkún, mo bú u nínú yàrá mi, bàbá tó fi ìgbéraga jó ilé iṣẹ́. Ọkọ mi ní, "Kí lo wá ń rò sí? Sọ fún wọn lọ́la. Eyín rẹ̀ kì í ṣe gidi, òun ló wo ẹrù, ọ̀rọ̀ parí, o di mánẹ́jà." Òótọ́ ni. Bí mo bá la ẹnu lórí eyín yẹn, Bàbá ti lọ nìyẹn láìgba kọ́bọ̀, lẹ́tà inú dúróà á sì jáde. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bàbá ò mọ̀. Èmi ni mo mọ̀. Eyín tèmi pé lẹ́nu mi, ó sì sọ fún mi.

Lọ́jọ́ Ajé, Alága bi wá pé ta ló wo ẹrù Apá yẹn wọlé. Bàbá ní òun ni. Mo dìde.

"Èmi náà fi eyín kàn án, sà," mo ní. "Kò gbẹ. Mo tu ú, mo sì fọwọ́ sí ìwé."

"O mọ̀ pé kò gbẹ, o fọwọ́ sí i? Kí ló dé?"

"Ojú ló tì mí, sà. Ẹni tí mo kúnlẹ̀ kí láàárọ̀ ló ní ó gbẹ. N kò lè dìde níwájú rẹ̀ kí n ní kò gbẹ."

Ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ fọwọ́ gbá tábìlì. "Mo ti sọ fún yín! Obìnrin!" N kò sọ nǹkan kan nípa eyín. Wọ́n bá Bàbá wí, wọ́n jẹ́ kó parí oṣù mẹ́jọ rẹ̀. Èmi, wọ́n gba ipò lọ́wọ́ mi, wọ́n rán mi lọ síbi tí wọ́n ti ń rọ òróró sínú ìgò. Ará Íńdíà kó ẹrù rẹ̀ lọ, ọkùnrin kan láti Èkó jókòó lórí àga. Ẹ ó rò pé Bàbá dúpẹ́. Bàbá ò dá mi lóhùn mọ́! Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé mo sọ ọ́ níta pé mo fi eyín kàn án lẹ́yìn òun. Oṣù mẹ́jọ, màá kúnlẹ̀, á kọjá lára mi bíi pé òpó ni mí. Ó dùn mí ju ipò tí wọ́n gbà lọ.

Ọdún méje ni mo fi rọ òróró sínú ìgò. Ọwọ́ ayé ti le nígbà náà, náírà ti já wálẹ̀, ilé iṣẹ́ mélòó kan ní títì wa sì ti di ibi tí ewúrẹ́ ń sùn. Tiwa náà ń mí gúlegúle. Àsìkò yẹn ni wọ́n ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Bí o bá ti í bọ inú àgbọn, á fi nọ́ńbà sọ bí omi inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Àwọn ọkùnrin àgbàlá ní nǹkan ìṣeré ọmọdé ni. Èmi bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí n lò ó lákòókò oúnjẹ. Mo ń fi ẹ̀rọ wò ó, mo ń fi eyín wò ó, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, títí mo fi mọ ibi tí ẹ̀rọ ti ń ṣìnà àti ibi tí eyín ti ń ṣìnà. Nígbà tí àwọn oníbàárà tó ń ra òróró bá dá àgbá padà, èmi ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè níkọ̀kọ̀ kí n wá sọ ohun tó fà á. Níkọ̀kọ̀ o! Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé, torí náà lọ́jọ́ tí ọkùnrin Èkó yẹn fiṣẹ́ sílẹ̀, mo kọ̀wé pé mo fẹ́ ipò náà.

Wọ́n pè mí. Alága ti darúgbó díẹ̀, ó ní, "Mùlíká, o mọṣẹ́. Àmọ́ iná yẹn ńkọ́?" Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fèsì nígbà tí ẹ̀ṣọ́ géètì kanlẹ̀kùn pé bàbá arúgbó kan wà níta tó ní òun ò ní lọ. Bàbá Sẹ̀wánù ni. Ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn awakọ̀ lọ́rì pé wọ́n ń pè mí lọ́jọ́ yẹn, ọ̀kadà ló gùn wá láti Apá, eruku bo gbogbo agbádá rẹ̀. Kò jókòó. Ó ki ìka méjì sẹ́nu, ó yọ eyín rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì láàrin ìwé wọn. Ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ ti àga rẹ̀ sẹ́yìn.

"Eyín tí mo fi wo ẹrù tó jó yín nìyẹn," ó ní. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fẹ́ nítorí kò sí eyín. "Obìnrin yìí mọ̀. Mo gbé e hàn án kó tó wá síwájú yín. Ó dúró níbí, ó sọ ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀, kò sọ tèmi. Ó pẹ́ kí n tó dárí jì í pé ó fi eyín kàn án lẹ́yìn mi. Ká ní ó ti pariwo lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá bínú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n sítọ́ọ̀ yín ì bá ṣì wà." Ó kọjú sí mi. "Mùlíká. Pípariwo yẹn nìkan lo ò kọ́ lọ́wọ́ mi, torí mi ò fi kọ́ ọ."

Omi bọ́ lójú mi, n kò sì nù ún. Wọ́n fún mi ní ipò náà, wọ́n ní kí n fi oṣù mẹ́fà dán an wò. Ọdún mọ́kànlá ni mo lò níbẹ̀.

Òfin àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé ẹnikẹ́ni, títí kan ẹni tó ń gbálẹ̀, ló lè fi eyín kàn án lẹ́yìn ẹnikẹ́ni, kó sì dá lọ́rì dúró. Ó rọrùn láti kọ ọ́ sára ògiri. Mo gba ọmọbìnrin kan tó kàwé ní Ìjànìkín síṣẹ́, Sẹ̀námì lorúkọ rẹ̀, ẹlẹ́nu mímú. Kò tíì lo oṣù márùn-ún tí àwọn oníbàárà ńlá fi wá láti Èkó wá wo iṣẹ́ wa. Mo fẹ́ ṣe fáàrí díẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo wo lọ́rì tó wọlé lójú wọn, mo fi eyín wò ó, mo fi ẹ̀rọ wò ó, mo ní ó gbẹ. Sẹ̀námì na ọwọ́, ó mú ọ̀kan lẹ́yìn mi, ó bu ú jẹ.

"Mọ́mì," ó ní, "kò gbẹ o."

Gbogbo ojú yí sí mi. Ẹ̀yin ọmọ mi, inú bí mi débi pé etí mi ń hó. Ìwọ ta ni! Èmi tí mo ti ń jẹ àgbọn kí ìyá rẹ tó mọ bàbá rẹ! Ó ti wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì. Mo ní kí wọ́n sọ gbogbo àpò kalẹ̀, kí wọ́n tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbà wá títí di ìrọ̀lẹ́, àwọn oníbàárà jókòó wọ́n ń wo aago, aláṣẹ kan sì ń rojú sí mi. Gbogbo rẹ̀ gbẹ, ó gbẹ pátá. Ìrì tó sẹ̀ sára àpò òkè ló rin èyí tí ọmọ náà bù jẹ.

Sẹ̀námì bú sẹ́kún, ó ń bọ̀ wá kúnlẹ̀. Mo dì í lápá mú kí orúnkún rẹ̀ tó kanlẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sókè ketekete, kí gbogbo wọn lè gbọ́, àwọn oníbàárà pẹ̀lú. Mo wá ní, "Ẹni tó kúnlẹ̀ kì í rí ẹrù orí ọkọ̀. Lọ́rì kejì ti wà ní géètì. Lọ wò ó."

Ó nu ojú rẹ̀, ó lọ. Ó dá ìyẹn náà dúró.